Ẹ̀gbà Ọrùn Àdàbà àti Amọ̀ Tó Nípọn Jù

Àlọ́ o!

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra nídìí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àdàbà lọ́rùn, ó já bọ́ sọ́rùn Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ẹ wo ọrùn àwọn méjèèjì dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Bí ẹ bá sì rí ohun tí kò yé yín, ẹ fura!

"A fura!"

Ní àkókò kan, Ìjàpá ń ṣe alágbẹ̀dẹ wúrà. Ẹ má bi mí pé ta ló kọ́ ọ. Àdàbà fẹ́ fi Ìbídùn ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Wúrà kan ṣoṣo ló wà nílé rẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ti kán, èyí tí ìyá rẹ̀ bọ́ fún un kó tó kú. Òun ló fẹ́ kí wọ́n fi rọ ẹ̀gbà ọrùn fún ìyàwó. Bí wúrà yìí bá ṣòfò, kò sí òmíràn mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìjàpá," ni Àdàbà wí. "Mo gbé wúrà ìyá mi dé. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò níbí títí ẹ ó fi parí ẹ̀."

"Áà, ìyá ìyàwó! Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ jókòó ni."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú ìda oyin, ó fi mọ ẹ̀gbà ọrùn tó rẹwà. Ó gbé e sọ́rùn Àdàbà, ó ṣe rẹ́gí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn a fi amọ̀ bo ìda, wọn a gbé e síná kí ìda yọ́ jáde, wọn a wá da wúrà yíyọ́ sínú àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ìjàpá gbé amọ̀, ó dúró.

"Ẹ kẹ̀yìn síbí," ló wí. "Ẹni tó ni ẹ̀gbà kì í wo ìda bí a bá ń fi amọ̀ bò ó. Èèwọ̀ ni."

"Èèwọ̀ ta ni?"

"Èèwọ̀ àwa alágbẹ̀dẹ."

"Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

"Ṣé ẹ ti rọ ẹ̀gbà rí ni?"

Àdàbà kẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ara ń fu ú. Kíá, Ìjàpá fa ẹ̀gbà ìda kejì yọ lábẹ́ àpótí, èyí tó ti fi wọn ọrùn ara rẹ̀. Ó fi ìda tín-ín-rín so ó mọ́ ti Àdàbà, kí wúrà lè ráyè ṣàn bọ́ sínú tirẹ̀. Ó sì fi amọ̀ bo méjèèjì pọ̀.

Ẹ fura?

"A fura!"

Àdàbà yíjú padà. "Kí ló dé tí amọ̀ yìí fi nípọn tó báyìí?"

"Wúrà ìyá yín ni mò ń dáàbò bò."

Yánníbo fi ẹwìrì fẹ́ná, ìda yọ́ jáde, Ìjàpá da wúrà sí i. Ó wá ku kí amọ̀ tutù. Ìjàpá rò pé ó máa sú Àdàbà. Kò sú u. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára amọ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, ẹ padà wá lọ́la," ni Ìjàpá wí.

"Àwọn àna mi ti ń bọ̀ lónìí. Èmi fúnra mi ni n ó fọ́ amọ̀ yìí."

Ìjàpá sáré nawọ́ sí amọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ẹ̀yìn ilé, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i."

Kí Àdàbà tó dìde, ó ti gbé e lọ. Ó fọ́ apá tirẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ̀gbà ibẹ̀ kúrò. Ó ṣì gbóná janjan! Ibo ni yóò fi pamọ́ sí? Kò ní àpò. Ó fi ewé kókò tútù wé e, ó fi kọ́rùn, ó fa ọrùn wọnú ìkarahun, ó sì gbé amọ̀ tó kù padà wá sídìí iná.

Àdàbà fọ́ amọ̀ tó kù. Ààbọ̀ ẹ̀gbà ló bá níbẹ̀, torí wúrà náà ò tó ẹ̀gbà méjì.

"Ìjàpá! Ààbọ̀ tó kù dà?"

"Iná ló jẹ ẹ́."

"Iná wo ló ń jẹ wúrà?"

"Iná òde òní ti yàtọ̀, ìyá ìyàwó."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkarahun? Yọrí síta kí n rí ojú ẹ."

"Ọyẹ́ ń mú mi."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná?"

Ewé kókò ti ń gbẹ. Ìjàpá ń làágùn, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ èkejì. Yánníbo fa imú. "Baálé mi, kí ló ń rùn bí ẹran sísun?"

"Yéè! Omi o!"

Ọrùn yọ síta gbọọrọ, wúrà ń dán yinrin lára rẹ̀. Ìjàpá forí lé odò, Àdàbà ń fò tẹ̀lé e, ó ń ké pé, "Wúrà ìyá mi! Wúrà ìyá mi!" Ìjàpá bẹ́ sínú ibú. Nígbà tó máa fi gbérí, ẹ̀gbà ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ti rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i.

Àdàbà sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn tó wá mú ìyàwó ti dé, kò sì sí àyè mọ́ láti fọ èéfín kúrò lára ààbọ̀ tó kù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi kọ́ Ìbídùn lẹ́yìn ọrùn, ní dúdú.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbà dúdú ọrùn àdàbà kò fi yí ọrùn rẹ̀ po títí dòní. Ìdí náà nìyẹn tí awọ ọrùn Ìjàpá fi hunjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sún mọ́ ọn, kíá ló ń fa ọrùn wọlé; ó rò pé wọ́n wá béèrè wúrà ni.

Ibi tí mo sin àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá pa irọ́ kankan mọ́ ọn, kí ọrùn tèmi náà hunjọ bíi ti Ìjàpá. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wò ó: ṣé ó hunjọ?

"Ó hunjọ o, Ìyá Àgbà!"

Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ta ló ní kí ẹ fura sí èmi?