Ọwọ́ Òsì Ehoro Lọ́jọ́ Ìjà Odò

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé òrùlé ọba, kò bà lé ìsọ̀ ọjà, orí ebè ló bà lé. Ó dá lórí Ìyá Àparò, Ehoro ọlọ́wọ́ òsì, àti àgbà kan tó ń jẹ́ Ìgalà. Àjàdí, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lẹ́bàá iná. N kò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Gbogbo odò gbẹ, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láàárín igbó àti ọ̀dàn. Àwọn ará igbó ní tàwọn ni. Ìkookò àti àwọn ará ọ̀dàn ní tàwọn ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n para wọn. Àwọn àgbà ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yanjú rẹ̀. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí kọ́ sára igi kan níhìn-ín, wọ́n gbé òmíràn kọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù gba inú apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló ni odò títí òjò yóò fi rọ̀. Àwọn yòókù, kí wọ́n wábi gbà.

Ìyá Àparò ni àwọn ará igbó fi ṣe olùkọ́. Ọmọ márùn-ún ló wà nínú ìtẹ́ rẹ̀ tí ọ̀nà ọ̀fun wọn ti gbẹ, tí wọn kò lè ké dáadáa mọ́. Ẹ̀rù ń bà á, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ará ọ̀dàn ga, wọ́n sì lágbára. Bí wọ́n bá ráyè tò síwájú apẹ̀rẹ̀ wọn, ó parí. Eré sísá nìkan ló lè gba àwọn ará igbó là.

Ó wá kọ́ wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dọ́wọ́ wọn, kí Àáyá gba àárín, kí Ehoro gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí Ìgalà gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kí wọ́n máa jù ú síra wọn, kí ó sì ti wọ apẹ̀rẹ̀ kí ọ̀tá tó yíjú. Bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má káwọ́ lérí, kí wọ́n yí padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sáré lọ ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àparò kan kò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Ó gorí ebè, ó fi orin lé wọn. Ẹ bá mi gbè é:

Bọ́ọ̀lù ti dọ́wọ́ wa,
*Sáré, má dúró.*
Ọmọ mi ń wá omi,
*Sáré, má dúró.*
Bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ,
*Sáré, má dúró.*
Yí padà, forí lélé,
*Sáré, má dúró.*

Lọ́jọ́ kìíní, Ehoro sáré fìrì, ó fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù sí Ìgalà. Ìgalà káwọ́ gbera. Bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀, gbì, gbì, gbì, ó wọgbó lọ. Ìgalà wá sún mọ́ Ehoro, ó rọra bi í bóyá òsì náà ló fi ń na nǹkan sí bàbá rẹ̀ nílé. Ojú ti Ehoro, ilẹ̀ kò sì lanu kó wọlé. Ìyá Àparò wà lókèèrè, kò gbọ́. Bọ́ọ̀lù tó sọnù nìkan ló rí.

Lọ́jọ́ kejì, Ehoro sáré fìrì, bọ́ọ̀lù dọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó dúró. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó tẹ orúnkún díẹ̀, kó tó jù ú sí àgbà. Ṣáá! Wọ́n ti já a gbà. Ìyá Àparò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo, ó ní kó gun òkè lẹ́ẹ̀meje.

Lọ́jọ́ kẹta, ohun kan náà. Ó ní kó gun òkè lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ehoro gùn ún. Nígbà tí Ìyá Àparò délé, ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn kò lajú mọ́. Ìyá wọn jókòó tì í, ó ń fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ ìjà pé. Àáyá ń jù, Ìkookò náà ń jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ehoro rí ọ̀nà gbangba, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró pààrọ̀ ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n já a gbà. Ó di mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Ni bọ́ọ̀lù bá já sódò. Bí wọ́n ti ń wá a, Ìyá Àparò sọ̀ kalẹ̀ lórí ebè, ó bi Ehoro léèrè ohun tó ń ṣe é.

"Ẹsẹ̀ mi kọ́, Ìyá," ni Ehoro wí. "Ọwọ́ ni. Àgbà ni Bàbá Ìgalà, òsì sì ni mo ní."

Háà! Òkè tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ gùn wá ń dun ìyá náà lẹ́sẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìgalà.

"Bàbá, ẹ wo ìtẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè yẹn. Bí ọmọ yìí bá tún pààrọ̀ ọwọ́, mo ti sin àwọn ọmọ mi nìyẹn."

Ìgalà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n sì ti rí bọ́ọ̀lù.

Ìkookò fò sókè, ó ju ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá. Gbàm̀! Ó lu etí apẹ̀rẹ̀. Àáyá hán an, ó jù ú sí Ehoro. Ó dọ́wọ́ òsì. Ẹ gbè é, ẹ gbè é kíákíá:

Bọ́ọ̀lù ti dọ́wọ́ wa,
*Sáré, má dúró.*
Ọmọ mi ń wá omi,
*Sáré, má dúró.*

Ehoro wo iwájú, ó rí Ìgalà lóun nìkan lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń bọ̀ wá gba bọ́ọ̀lù. Ìkookò ń mí hìì, hìì, lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ìyá Àparò di ojú. Ìgbà náà ni ọmọ kan ké nínú ìtẹ́, ẹyọ kan péré, fíín. Ìgalà gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀ jáde, lójú gbogbo ayé.

"Fi òsì jù ú, ọmọ mi. Òsì lèmi náà fi ń gbà á."

Fìì! Ó dọ́wọ́ Ìgalà. Wọ̀ọ̀! Ó gba inú apẹ̀rẹ̀ kọjá. Àwọn ará ọ̀dàn kò tíì yíjú tán.

Ìgalà ló kọ́kọ́ débi omi. Ó bù ú sínú igbá, kò mu ún. Ó gbé e lọ síbi ìtẹ́, ó sì fi òsì nà án sí Ìyá Àparò. Ìyá náà fi apá òsì gbà á. Ọmọ márààrún mu, àbíkẹ́yìn lajú.

Ohun tí àlọ́ mi ń kọ́ wa ni pé ẹ máa fi ọ̀tún bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ má sì jẹ́ kí n rí òsì yín lọ́la. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá fẹ́ kí ọmọdé sáré gba òun là, kó kọ́kọ́ tú okùn tó fi so ó lẹ́sẹ̀. Ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́.

Bí mo bá parọ́, kí ọwọ́ mi méjèèjì pàdé kó má dún. Ẹ fetí sí i: pà! pà! pà!