Àwòdì Àwẹ̀ró ní Gbàgede Ìbarà

"Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá." Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí, àti ẹni tó ní eyín lẹ́nu àti ẹni tí tirẹ̀ ti bọ́ tán. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó ni àwòdì náà? Ẹ fìdí kalẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Láyé ọjọ́un, nígbà ọyẹ́, àwọn ọdẹ a máa kó ẹyẹ apẹran wá sí gbàgede Ìbarà láàyè, kí tọmọdé tàgbà lè sún mọ́ wọn wò. Àṣá a ranjú mọ́ èrò, idì a na apá bí ẹni tẹ́ ẹní. Agboolé ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló ní òpó tí ẹyẹ tirẹ̀ ń bà lé. Bó bá di ọ̀sán, wọn a lọ tú àwọn ẹyẹ sílẹ̀ lórí àpáta tó wà lẹ́yìn odò, ẹni tó ni ẹyẹ a dúró sí gbàgede pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́. Agboolé tí ẹyẹ rẹ̀ bá padà wá bà lé e lọ́wọ́ gbayì. Èyí tí tirẹ̀ bá sá lọ, wọn a hú òpó rẹ̀ dànù.

Lọ́dún kan, òpó ilé ọdẹ kan bọ́ sọ́wọ́ Àwẹ̀ró, nítorí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bí ọmọkùnrin sílẹ̀. Obìnrin yìí tóbi, ìdí rẹ̀ nìkan ń fẹ́ àpótí méjì, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa dá ewúrẹ́ níjì. Ó rí ọmọ àwòdì kan he nílẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ àgbébọ̀ adìẹ rẹ̀. Ohùn tó fi ń pe adìẹ sí àgbàdo náà ló fi ń pe àwòdì sí ẹran.

"Ẹ ò rí i pé orí mi ò pé?" a máa wí. "Ta ló ń tọ́ olè sínú ilé adìẹ?"

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀fúùfù dé lójijì, ó ń ti ẹ̀yìn àpáta fẹ́ bọ̀. Kíá ni àwọn ọdẹ so ẹyẹ wọn mọ́lẹ̀, nítorí ọdẹ kì í tú ẹyẹ sílẹ̀ kí ẹ̀fúùfù wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà gbé e sọnù. Ṣùgbọ́n Àkànmú, àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró tó wà lórí àpáta, ti tú tiwọn. Ẹ̀fúùfù gbá àwòdì nídìí, ẹyẹ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀run.

Ògúnrìndé, olórí ọdẹ, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ múra àtihú òpó yín o! Adìẹ rẹ ti bá ọyẹ́ lọ!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n pè é ná."

"Ohùn wo lo fẹ́ fi pè é? Tọdẹ àbí tàgbàdo?"

"Tàgbàdo mà ni! Òun ló gbọ́."

Ó na ẹran òkété sókè, ó fi ohùn ìpe-adìẹ lọgun. Adìẹ àdúgbò rọ́ wá sí i lẹ́sẹ̀, èrò ń rẹ́rìn-ín kú. Àwẹ̀ró ò wo ilẹ̀. Òpó ọkọ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ni àwòdì bá tún apá tò, ó gun ẹ̀fúùfù bí ẹni gun ẹṣin. Èyí tí wọ́n ní yóò gbé e sọnù ló ń tì í bọ̀. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti balẹ̀ sọ́wọ́ Àwẹ̀ró gbàà! Adìẹ fọ́n ká, obìnrin fìdí jókòó gbì, eruku sọ, síbẹ̀ àwòdì ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògúnrìndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹyẹ náà lójú. "Ẹ̀fúùfù tó ta á nídìí tó báyìí, kí ni ẹyẹ rẹ wá sọ fún ọ?"

Àwẹ̀ró ń gbọn eruku ìdí. "Ṣebí Ìbarà ló kúkú ń bọ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ní iṣẹ́ kúkú yá!"

Gbàgede hó yèè. Olórí ọdẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbá òpó ilé náà wọlẹ̀ sí i, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá ti ń gbèrò nǹkan lọ́kàn, tí ọ̀tá tàbí ìṣòro wá tì í sínú ohun náà gan-an, òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa. Ẹni tó ti ń múra àtikó jáde, tí onílé wá ní kó máa lọ, kó má sunkún o: àwòdì tó ń re Ìbarà ni, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.