Ìdí Tí Akika Fi Ń Ká Jọ Bí Ẹnìkan Bá Fọwọ́ Kàn Án

Nígbà láéláé, ara Akika ń dán. Kò ní ìpẹ́ kankan. Bí òjò bá rọ̀, omi á kàn ṣàn kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àwọn ẹranko yòókù kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀, nítorí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Odò kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko inú igbó náà ń mu. Olómitútù ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún kan, Olómitútù bàjẹ́. Ẹni tó bá mu ún láàárọ̀, inú á máa run ún títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé ń bì. Àwọn àgbà náà ń bì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igi ni wọ́n ń lọ.

Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri. Wọ́n ní Ọ̀pọ̀lọ́ ló ba omi jẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ kún fún kókó tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa gbé létí omi kí omi náà má bàjẹ́.

Ẹfọ̀n ni ọba wọn. Ó pe ìpàdé, ó ní, "Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án òní, Ọ̀pọ̀lọ́ yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò gun òkè lọ."

Ọ̀pọ̀lọ́ dìde. "Kí Kábíyèsí pẹ́. Èmi lè gun òkè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi wà nínú omi, wọn ò tíì hu ẹsẹ̀. Bí mo bá gbé wọn sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọn ò ní dé ìdajì ọ̀nà tí wọ́n á fi kú."

"Ìgbà wo ni wọn yóò hu ẹsẹ̀?"

"Ó ku oṣù kan àti díẹ̀, Kábíyèsí."

Ẹfọ̀n ro ó. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Akika ni aládùúgbò Ọ̀pọ̀lọ́. Ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn ọmọ náà nínú omi, tí wọ́n ń ju ìrù, tí wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bá wọn jà. Àánú wọn ṣe é gidigidi. Ó rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ jáde, nítorí ọba ló wà níwájú rẹ̀. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ ni.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bi àwọn ará ìlú léèrè. Kí a gbọ́ tẹnu kálukú ná."

Ẹfọ̀n ní, "Lọ bi wọ́n. Iye ẹnu tó bá sọ pé Ọ̀pọ̀lọ́ ni, òun ni kí o wá sọ fún mi."

Akika ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tí kálukú bá sọ, èékánná ni ó fi ń kọ ọ́ sára ewé, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni náà gan-an. Kò bù mọ́ ọn, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ẹnu mẹ́tàlélógójì ló gbọ́.

Àwọn kan tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kíá. Àwọn kan kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Akika, má dárúkọ mi o. Mo lọ́mọ nílé."

Akika ní, "Mi ò ní dárúkọ yín."

Nítorí náà, kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ewé. Àmì kékeré ló ń ṣe síbẹ̀. Ikùn ara rẹ̀ ló wá kọ ẹni tó ni àmì kọ̀ọ̀kan sí, kí ó lè padà lọ bi í bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé e.

Nígbà tó délé, ó kó àwọn ewé náà jọ sílẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ wọn. Ó tún kó wọn jọ. Ìgbín gba ibẹ̀ kọjá, ó sì jẹ ewé kan. Ewé tí ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀ ló jẹ, nítorí náà Akika kò rí ẹjọ́ kankan bá a rò. Ó tún un kọ, ó kó gbogbo rẹ̀, ó gba ilé Aláǹtakùn lọ. Nínú igbó náà, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń so nǹkan mọ́ nǹkan bíi tirẹ̀.

Aláǹtakùn fi àwọ̀n rẹ̀ hàn án. "Gbé àwọn ewé rẹ kọ́ síbí. Èyí tó bá jọ ara wọn, fa okùn láàárín wọn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

Akika gbé gbogbo ewé kọ́ sára àwọ̀n. Ó wá jókòó síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún jókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Aláǹtakùn béèrè ohun tó ń dúró dè.

"Àwọ̀n yín ni mò ń dúró dè, Ìyá. Kò tíì sọ̀rọ̀."

Aláǹtakùn wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ojú mẹ́jọ ló ní, gbogbo rẹ̀ ló sì fi wò ó.

"Akika ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń ta àwọ̀n. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Àwọ̀n ò gbọ́n. Ó kàn ń bá ẹni tó gbọ́n di nǹkan mú ni."

Ojú ti Akika. Ó mú iṣẹ́ ṣe kíá. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó ti ta okùn mẹ́tàlélógójì fún ewé mẹ́tàlélógójì, ó sì ti sọ okùn kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Okùn kan ń jẹ́ Omi-ń-rùn. Òmíràn ń jẹ́ Omi-ń-rùn-díẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Mi-ò-mọ̀-bóyá-omi-ń-rùn.

"Kí lo wá rí?" Aláǹtakùn béèrè.

"Okùn, Ìyá."

"Tú u."

Ó tú u. Ó wá pín gbogbo rẹ̀ sí méjì péré: àwọn tó ní Ọ̀pọ̀lọ́ ni, àti àwọn tí kò dárúkọ Ọ̀pọ̀lọ́ rárá. Ìdì kìíní jẹ́ ewé mẹ́rìndínlógójì. Ìdì kejì jẹ́ méje. Akika wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá, ó ti parí. Ẹnu mẹ́rìndínlógójì! Àwọn ọmọ yẹn á kú."

Aláǹtakùn kò tù ú nínú. Kì í ṣe ẹni tí í tu ènìyàn nínú. Ó ní, "Iye lo mọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Gbé e sẹ́nu, kí etí rẹ gbọ́ ọ."

Akika bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. "Wọ́n ní Ọ̀pọ̀lọ́ ni." Ó mú òmíràn. "Wọ́n ní Ọ̀pọ̀lọ́ ni, wọ́n sì ní ó ti pẹ́." Ó mú òmíràn. "Èmi ò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ní Ọ̀pọ̀lọ́ ni." Nígbà tó dé ìkẹwàá, ó gbé ewé sílẹ̀. Ó sáré padà lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tí gbogbo wọn ní ẹnu rẹ̀ ni àwọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ta ló sọ fún ọ pé Ọ̀pọ̀lọ́ ni?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ni wọ́n?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ronú sí i. "Àwọn náà ni," ó dáhùn.

Akika padà sídìí àwọ̀n, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Okùn méjì ló ta lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ ọ̀kan ní Wọ́n-ní, ó sọ èkejì ní Ó-ṣojú-mi. Ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lọ sórí Wọ́n-ní láìku ẹyọ kan. Ewé méje yòókù lọ sórí Ó-ṣojú-mi, ó sì tò wọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn.

"Mo rí ojú ẹsẹ̀ onípátákò ní orísun odò." "Láàárọ̀ kùtù ni mo rí ẹ̀jẹ̀ àti ọyún lójú omi." "Mo rí ẹnìkan tó ń fi ẹ̀yìn ra òkúta orísun, tó ń kérora." Ewé tó gbẹ̀yìn kúrú. "Adé ni mo rí. Mi ò wo ìsàlẹ̀ adé."

Àwọn méje yìí, ìtàn yìí náà kò ní dárúkọ wọn.

Akika yíjú kúrò lára àwọ̀n. "Ìyá, mo ti rí i. Ì bá dára kí n má rí i."

"Ọ̀la ni ọjọ́ mẹ́sàn-án pé, ọ̀la ni ìpàdé," Aláǹtakùn fèsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní àwọ̀n yín kí n gbé e lọ fi hàn wọ́n."

"Àwọ̀n mi kì í kúrò nílé."

Akika bẹ̀ ẹ́ títí. Kì í kúrò nílé. Ni Akika bá wá àtè, èyí tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ, ó fi ra gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ó lẹ àwọn ewé náà mọ́ra bó ṣe tò wọ́n sára àwọ̀n: Wọ́n-ní láti ìrù dé ìbàdí, Ó-ṣojú-mi lórí àti èjìká.

Nígbà tí ìpàdé pé, Ẹfọ̀n béèrè pé, "Ẹnu mélòó?"

"Ẹnu mẹ́rìndínlógójì ló ní Ọ̀pọ̀lọ́ ni, Kábíyèsí."

"Ó parí. Ọ̀pọ̀lọ́, gbé ẹrù rẹ."

"Kábíyèsí, mo ti sọ iye ẹnu. Ẹ ò tíì bi mí ní iye ojú."

"Ojú wo?"

"Ojú tó rí i. Kò sí ẹyọ kan."

Akika yí ìrù rẹ̀ sí wọn. Wọ́n kà á fúnra wọn: wọ́n ní, wọ́n ní, wọ́n ní. Kálukú rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Akika tẹrí ba, wọ́n sì ka ewé méje tó wà lọ́wọ́ òkè. Ojú wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọba, níbi tí ọba ti ń fi aṣọ bo nǹkan kan láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹfọ̀n dìde. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbé wá. Mi ò gbé orúkọ wọn wá."

"Níbo lo kọ orúkọ wọn sí?"

Akika kò mọ irọ́ pa. Ó wo ikùn rẹ̀. Ẹfọ̀n náà wo ikùn rẹ̀.

Kí Ẹfọ̀n tó gbé ẹsẹ̀, Akika ti ki orí bọ ikùn, ó ti fi ìrù bo orí, ó ká jọ ribiti. Ẹfọ̀n fi pátákò tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó fi ìwo tì í, Akika yí lọ, ó yí bọ̀, kò ṣí. Àtè ti gbẹ mọ́ ọn lára, ewé ti le koránkorán. Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an kó lè ki ìwo bọ àárín. Níbẹ̀ ni aṣọ ti yọ́ bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Egbò kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí igbá. Eṣinṣin bò ó. Ní wákàtí náà, gbogbo ìlú kúrò lórí okùn Wọ́n-ní, wọ́n bọ́ sórí Ó-ṣojú-mi.

Erin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì rọra sọ ọ́. "Kábíyèsí, ẹ ò bá ti sọ fún wa. A ò bá ti wá egbòogi sí i."

Ẹfọ̀n jókòó sílẹ̀. "Ó ń ro mí ni," ó sọ, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Omi orísun nìkan ló ń tù ú. Ojú ń tì mí."

Wọ́n wá egbòogi. Wọ́n ní kí ó máa lọ wẹ̀ níbi tí odò parí sí, nínú ẹrẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í mu omi. Ibẹ̀ ló ti ń yíràá títí dòní. Omi Olómitútù tòrò. Lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ hu ẹsẹ̀, wọ́n ń fò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá wọn sì dúró létí omi, ó ń sunkún ayọ̀.

Nígbà tí egbò jinná, Ẹfọ̀n lọ sílé Akika. Ó ní, "Inú mi ti rọ̀. Mo kàn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méje yẹn ni. Ta ni wọ́n?"

Akika ká jọ.

Láti ọjọ́ ìpàdé náà ni àwọn ewé gbígbẹ yẹn ti di ìpẹ́ lára Akika láti orí dé ìrù, tí ikùn rẹ̀ nìkan kò sì ní ìpẹ́. Láti ọjọ́ náà náà ni ó ti ń ká jọ bí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ọdẹ máa ń sọ pé ojo ni. Kì í ṣe ojo. Ó ṣèlérí fún ẹni méje ni, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó tíì wá sọ pé kó dárúkọ òun.