Ọwọ́ Tó Wà Léjìká Ìyàwó Birikilà

Ọkùnrin kan wà, birikilà ni, kò sì ní aago ọwọ́ rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ó ń wá ìwé ilẹ̀ nínú àpótí ìyàwó rẹ̀, ó bá fọ́tò àtijọ́ kan pàdé níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó nínú rẹ̀ nígbà ọmọge, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kan dúró tì í, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi abẹ gé orí àti àyà onítọ̀hún kúrò, ihò onígun mẹ́rin ló kù. Ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ kò ju apá kan lọ: apá kóòtù, aago fàdákà ńlá lọ́rùn ọwọ́, ọwọ́ náà sì lé téńté sórí èjìká ìyàwó oníyàwó.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ta nìyí?"

Obìnrin náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin mà ni, Bàbá Ìbídùn."

"Èmi? Aago dà? Kóòtù dà? Èmi tí mo yá agbádá tí mo fi gbé ọ níyàwó?"

"Ẹ ti gbàgbé ni."

Ó gbà pé èèyàn lè gbàgbé orúkọ, ó lè gbàgbé ọjọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò so aago mọ́wọ́ tí yóò gbàgbé? Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ló ń dún bí irọ́ létí rẹ̀.

Ó wá di ẹni tó ń bọ gbogbo ọkùnrin ìlú lọ́wọ́. Ẹni tí kì í kí èèyàn tẹ́lẹ̀, á na ọwọ́ sí ọ lójú títì, á di tìrẹ mú, á sì rọra ká apá aṣọ rẹ sókè. Àwọn kan ní ó fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ ni. Ó rí aago fàdákà lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó rí òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a kó yanrìn, ó lé e níbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí ó bá di ọ̀sán Sátidé tí kò dárúkọ ọkùnrin náà, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, birikilà mú fọ́tò náà lọ bá bàbá onífọ́tò tó ti ń ya ará ìlú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. "Bàbá, ta ló ni aago yìí?"

Bàbá fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó gbé aago náà sórí tábìlì. "Èmi ni. Ó ti kú kí wọ́n tó fi ta mí lọ́rẹ. Kóòtù yẹn náà ló rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ọkùnrin ìlú yìí tí n kò tíì gbé e wọ̀."

"Ta lẹ wá gbé e wọ̀ nínú eléyìí?"

Bàbá tú inú agolo mílíìkì kan, ó fa fíìmù fọ́tò náà jáde, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Birikilà fojú sí i. Ara rẹ̀ ló rí, dúdú ti di funfun bí ti inú fíìmù: ojú funfun, irun funfun, bí arúgbó.

"Ìwọ náà lo gé e," ni bàbá wí. "Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń parí lọ́jọ́ kejì, o kò ní pásípọ́ọ̀tù tí o máa lẹ̀ mọ́ ọn. Orí tábìlì yìí lo ti fi abẹ mi gé e. Wọn ò kúkú gbà ọ́ síṣẹ́."

Ó sáré délé. Ilé pa rọ́rọ́. Àpótí ìyàwó rẹ̀ kò sí níyàrá mọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ti kúrò lára ògiri, orí tábìlì ló wà. Òun nìkan ló dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú agbádá àyálò, ọwọ́ rẹ̀ lé téńté sórí ihò onígun mẹ́rin.

Ìwọ tí o gbé fóònù ìyàwó rẹ wá, pé ká bá ọ wo ẹni tó ni èjìká tó yọ létí fọ́tò, ẹjọ́ rẹ yé wa. Fọ́tò ò gbàgbé ohun tó rí. Ìwọ ńkọ́, kí lo ti fọwọ́ ara rẹ gé sọnù tí o ò rántí mọ́? Lọ dá fóònù náà padà síbi tí o ti mú un, kí o sì tọrọ àforíjì. Ṣe é lónìí, kí ìyàwó rẹ tó wá abẹ.