Iná Pupa Tí Ìyá Ń Kí

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Bí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níṣojú mi, bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ìwé ìròyìn ni mo ṣe ń wò ó, àfi pé ewúrẹ́ tiẹ̀ lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Kí ẹni tó bá mọ̀ jù mí lọ fara dà á. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ ju àlàáfíà ara rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìjọba gbé e lọ sí Yọlá. Ọ̀nà jìn, kò sì fẹ́ kí eruku ọ̀nà náà ba ọkọ̀ jẹ́. Ó wà á wá sí àgbàlá ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì fi tapólì bò ó láti ẹ̀yìn dé orí. Gíláàsì iwájú nìkan ló ṣí sílẹ̀, ó sì ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n so àláàmù mọ́ ọkọ̀ náà, irú èyí tó jẹ́ pé bí ẹyẹ bà lé ọkọ̀, yóò ké. Iná pupa kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ ń ṣẹ́jú lẹ́yìn gíláàsì náà tọ̀sán tòru. Ó fẹ́ kí olè rí i, kí olè mọ̀ pé ojú òun kò sùn.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bá ìyá wọn gbé. Ọ̀kadà ni àbúrò yìí fi ń jẹun, ó sì mọ ìwà irin dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀. N ó máa tan ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí bátìrì rẹ̀ má baà kú. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ kí n tan án, ẹ jẹ́ kí n tú wáyà kúrò lórí bátìrì. Sípánà kan ṣoṣo ni."

Ẹ̀gbọ́n wò ó láti orí dé bàtà. "Kí o máa tan án, kí o máa gbé e lọ síbo? Kí n wà ní Yọlá, kí n máa gbọ́ pé wọ́n fi ọkọ̀ mi kó iṣu?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní gbé e kúrò nídìí ògiri."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn." Ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sápò, ó lọ. Bí ọ̀nà bá wà tó lè fi ká òjìji ọkọ̀ náà sínú báàgì, ì bá ká a.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Fóònù rẹ̀ ń wálé déédéé, òun fúnra rẹ̀ kò wá. Àfi lọ́jọ́ kan tí àbúrò pè é pé ojú màámi ti burú. Ojú òsì ti lọ pátápátá, àwọ̀ funfun sì ti ń bo ti ọ̀tún. Àwọn dókítà ojú máa ń wá sí ìlú kan tí kò jìnnà sí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọjọ́ kan péré. Tí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, wọn kì í gba aláìsàn mìíràn mọ́. Wọ́n sì ti sọ fún àbúrò pé ojú ọ̀tún yìí kò ní lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn dókítà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò ní, "Mo ti bá onímọ́tò tó ń kó iṣu lọ sọ́jà sọ̀rọ̀. Ó ní kí màámi jókòó níwájú. Aago méje ló máa gbéra."

"Kí ìyá mi bá iṣu wọkọ̀? Ọkọ̀ tèmi ńkọ́? Ṣé ó kú ni?"

Ẹ wo ẹnu ọmọ aráyé! Onímọ́tò fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì níta, kò rí ẹnikẹ́ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló sì kù ní àdúgbò náà, nítorí ọjọ́ ọjà ni, ìbàdí màámi kò sì gba ọ̀kadà mọ́.

Wọ́n ká tapólì. Aláǹgbá méjì sá jáde. Táyà mẹ́ta ti jókòó sílẹ̀ bí arúgbó tí orúnkún ń dùn, àbúrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páǹpù ọ̀kadà fún wọn ní atẹ́gùn, òógùn bò ó. Ẹ̀gbọ́n tẹ rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kò dáhùn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́ náà. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ kọ́ ikọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ sí rewáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní ìlú náà. Ó gbé bátìrì tuntun dání wá. Ó wo ti àtijọ́ títí, ó wá mi orí. "Ọ̀gá, ta ló pa bátìrì yìí?"

"Kò sí olè tó débí."

"Ta ló pe olè? Ọlọ́dẹ yín ló pa á. Àláàmù yìí ló ń fà á mu díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu ọmú, ẹnikẹ́ni kò sì fún ìyá ọmọ lóúnjẹ. Ẹ́ńjìnnì ló ń bọ́ bátìrì, ẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Bóyá ló lo oṣù mẹ́ta kó tó gbẹ."

Ó gbé bátìrì tuntun wọlé, ó fi wáyà kan orí rẹ̀. Ọkọ̀ figbe ta!

Ìgbà tí mo gbọ́ ibí yìí ni mo dákẹ́ ẹ̀rín. Àláàmù yẹn ti kú láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin, kò sì mọ̀ pé òun kú. Ibi tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ padà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó lajú, ó rí ọwọ́ lára ọkọ̀, ó ké. Ọ̀rọ̀ tí olówó rẹ̀ ti gbàgbé, òun kò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ń tẹ rìmóòtù bí ẹni ń pa iná orí. Rìmóòtù náà ti kú sápò rẹ̀ ní Yọlá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi ni! Èmi ni mo ni ọ́!"

"Ẹ pariwo sí i, ọ̀gá," ni rewáyà wí, "bóyá etí ló ń dùn ún."

Àwọn aládùúgbò rọ́ wọlé. Obìnrin kan tó kó dé àdúgbò lọ́dún méjì sẹ́yìn mú ọmọrogùn dání wá, ó dúró síwájú ọkọ̀ gbagidi. "Ta ló fẹ́ jí ọkọ̀ ọmọ Ìyá gbé?"

"Èmi ni ọmọ Ìyá! Èmi ni mo ni ín!"

"Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìyá wà ní Yọlá. A kò rí i rí."

Àbúrò ló bá a bẹ obìnrin náà. Nígbà yẹn aago mẹ́wàá ti kọjá. Rewáyà ní bí àláàmù kò bá dákẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́, bí òun bá sì fẹ́ tú u, ilẹ̀ yóò ṣú kí òun tó rí ìdí wáyà rẹ̀. Rìmóòtù nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀, bátìrì kékeré inú rìmóòtù sì ti kú, Òṣogbo ni wọ́n ti ń ra òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrùpẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Ìyá rẹ̀ ti wé gèlè, ó ti gbé báàgì lé ẹsẹ̀ láti ìdájí, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò dí etí sí igbe náà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àkàngbé," ó pe ẹ̀gbọ́n ní oríkì rẹ̀, "ṣé ó ti jí?"

"Ó ti jí, màámi."

"Mo ti rò pé n kò ní pàdé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí o lọ, ibí yìí ni mo máa ń jókòó nírọ̀lẹ́. Iná pupa yẹn á máa ṣẹ́jú, mo máa ń kí i pé, 'Ẹ kú iṣọ́ o.' Mo ní ojú Àkàngbé nìyẹn, ó ń wo ilé. Ó wá di ọjọ́ kan, mo wò ó títí, n kò rí i. Mo ní ah, ojú mi ló ti ń kú."

"Màámi, iná ló kú. Ojú yín kọ́. Kí ló dé tí ẹ kò ní kí wọ́n lọ wò ó?"

"O ní kí ẹnikẹ́ni má súnmọ́ ọn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "Nígbà tí ojú wá ṣú lóòótọ́, mo ní ti àtijọ́ náà ni, mo ti mọ̀ ọ́n mọ́ra. N kò sọ fẹ́nikẹ́ni títí n kò fi rí ẹnu ọ̀nà yìí mọ́."

Ọkọ̀ ń ké.

Àbúrò gbé páǹpù kalẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ jáde, nítorí ọ̀kadà náà ní àláàmù tirẹ̀. Ó fi èékánná ya rìmóòtù rẹ̀ sí méjì, ó yọ bátìrì inú rẹ̀, nǹkan tí kò gùn tó ìka ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó bóyá á bá a mu."

Ó bá a mu. Ẹ̀gbọ́n tẹ rìmóòtù, igbe dá wáí. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń jáde lára táyà. Ọkọ̀ kọ́ ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà.

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí àbúrò. "Ìwọ ni kí o wà á." Òun lọ jókòó lẹ́yìn, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, ìṣẹ́jú méjìlá ló kù kí aago méjìlá lù. Ẹnìkan péré ni wọ́n tún gbà lẹ́yìn ìyá náà.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún, ó là. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ ojú náà nílé, ó ní kí wọ́n gbé òun sẹ́nu ọ̀nà. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó kéré sí bí mo ṣe rántí rẹ̀." Ó wá yí ojú padà sí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí ọkùnrin náà tó padà sí Yọlá, ó kan ìṣó kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan kọ́ ibẹ̀.

Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín ọkùnrin yìí, rọra. Èmi náà ti rín in, ẹ̀rín náà sì ti tán lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ náà ti fi nǹkan pamọ́ síbì kan, o fi ìfura ṣọ́ ọ, o sì bá tìrẹ lọ. Ìfura kì í sùn, ṣùgbọ́n kì í gbààwẹ̀ náà. Ohun tí o fi í ṣọ́ ló ń jẹ. Nígbà tí o bá padà dé, ìwọ gan-an ni yóò pè ní olè, nítorí bẹ́ẹ̀ lo ṣe kọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tí o lé sẹ́yìn ni yóò ya ohun tirẹ̀ sí méjì kí ilé rẹ tó lè dákẹ́.

Nítorí náà, má wulẹ̀ dá mi lóhùn nípa bátìrì. Mo ti sọ pé n kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju kékeré yìí lọ: kọ́kọ́rọ́ rẹ kejì, ọwọ́ ta ló wà?