Bàtà Tuntun Ọkọ̀ Agúnsóyè

Àwọn ará Òkè-Ìrókò ní òwe kan tí àlejò kì í gbọ́ kí ó má béèrè ìdí rẹ̀: "Bàtà tuntun ló ń mú ọkọ̀ tiro." Àlejò a ní, ṣé kì í ṣe ògbólógbòó bàtà ló yẹ kó mú ni tiro? Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fún un ní àga. Ìtàn Dọ́káàsì aránṣọ ni, opó Jóṣúà mẹkáníìkì.

Jóṣúà ló ń tún ọkọ̀ gbogbo agbègbè náà ṣe. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn láyé ni jíà kékeré inú píkọ́ọ̀pù Olóyè Agúnsóyè, èyí tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ọkọ̀ bá ru kòkó gun òkè. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n sin ín tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nìkan bá ń fà á, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kété tí dẹ́rẹ́bà bá fa ọ̀pá jíà kékeré kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fà, sítíárì a le gan-an, ọkọ̀ a máa ta lórí títì ọlọ́dà bí ẹṣin tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, ọ̀pá náà kò sì ní fẹ́ padà síbi tó ti wá.

Olóyè kò wádìí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí Jóṣúà tún ṣe mọ́, pé iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ló ń ba òun lọ́kọ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan Dọ́káàsì lára kí ó tó délé tú gèlè. Kò sunkún. Ọkọ rẹ̀ kò fi ilé sílẹ̀ fún un, kò fi oko sílẹ̀. Orúkọ rere ló fi sílẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fàlà sí aṣọ, ó gba ilé Olóyè lọ.

"Aránṣọ," ni Olóyè wí, "ṣé o wá wọn ọkọ̀ mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí ẹ̀wù kò bá báni mu, a kì í torí rẹ̀ bẹ́ni lọ́rùn."

Ó béèrè ohun tí wọ́n pààrọ̀ lára ọkọ̀ láti ìgbà tí Jóṣúà ti fọwọ́ kúrò níbẹ̀. Olóyè ní kò sí. Gàníyù dẹ́rẹ́bà wúkọ́. Olóyè wò ó, ó tún wúkọ́, ó wá sọ pé ó ku táyà tuntun kan tí àna Olóyè fi ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn Àjíǹde. Olóyè ní ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀bùn àna kì í gbé inú yàrá? Bí àna bá fúnni láṣọ, a ó wọ̀ ọ́ jáde kí ó rí i. Ìdí nìyí tó fi ní kí wọ́n dè é síwájú, lápá ọ̀tún, níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Òótọ́ ni pé ó fi díẹ̀ tóbi ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ nìyẹn.

Dọ́káàsì lọ sídìí ọkọ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára táyà kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kan ilẹ̀. Ó ní kí Gàníyù yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, kí ó di sítíárì mú gbọọrọ, kí àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí máa tì í lọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ó ń ka yíyí táyà ẹ̀yìn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó ní kí wọ́n dúró. Ìlà mẹ́ta ti padà kan ilẹ̀. Ìlà ara táyà tuntun wà lókè téńté, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Jóṣúà a máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ," ni Dọ́káàsì wí, "pé bí a kò bá so ẹsẹ̀ mẹ́rin pọ̀, kálukú lè rìn bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí jíà kékeré bá ti so wọ́n pọ̀, ìgbésẹ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé. Ẹsẹ̀ yìí gùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Bàbá. Nítorí pé jíà ọkọ mi dì wọ́n mú dáadáa ni ìjà wọn fi le tó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dá táyà àtijọ́ padà. Gàníyù fa ọ̀pá, ọkọ̀ sì gun òkè láìta, láìkùn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìka kan ló fi dá ọ̀pá náà padà. Olóyè ṣí fìlà, ó ní kí Dọ́káàsì má bínú.

"N kò bínú, Bàbá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ibi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ èyí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Olóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ fún gbogbo ìjọ pé iṣẹ́ Jóṣúà kò lábùkù, bàtà tuntun tí òun fi ń ṣe fáàrí ló mú ọkọ̀ òun tiro. Dọ́káàsì kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń kí àgbà. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó wọlé lọ jókòó síbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó sì fi àyè Jóṣúà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí nǹkan kan bá ń mẹ́hẹ ní Òkè-Ìrókò, tí àwọn èèyàn sì ń nàka sí ibojì, àgbà kan yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń dán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Yóò ní, ẹ fi olóògbé sílẹ̀ ná. Bàtà tuntun ló ń mú ọkọ̀ tiro.