Èédú Inú Àgbá
Ilẹ̀ Olóyè Arógundádé, lẹ́yìn ilé rẹ̀ gan-an, ni Fadérera ti ń fún omi ọsàn tà. Lọ́jọ́ kan Olóyè ní, "Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, mi ò gbọdọ̀ rí èèpo ọsàn kankan níbí. O ò gbọdọ̀ gbé e jáde, o ò gbọdọ̀ rì í mọ́lẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ gbóòórùn èéfín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù ẹ." Fadérera kúnlẹ̀: "Mo ti gbọ́, Bàbá." Ó sá èèpo náà sóòrùn títí ó fi gbẹ, ó kó o sínú àgbá irin, ó dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, ó dáná sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi páìpù darí èéfín inú rẹ̀ padà sínú iná náà, kó máa jó níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbóòórùn nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, Olóyè ṣí àgbá, ó bú sẹ́rìn-ín: "Kí ni dúdú yìí? Èèpo ọ̀hún náà ni! Kó ẹrù ẹ." Fadérera ní, "Bàbá, ṣé iyán ọ̀sán yìí dùn?" "Ó dùn dáadáa." Fadérera yíjú sí alásè Olóyè, tó gbé ìkòkò wá síbẹ̀: "Ìyá Àlàbá, kí lẹ fi se iṣu rẹ̀?" Ìyá Àlàbá nawọ́ sí àgbá: "Ohun tó wà níbẹ̀ yẹn náà ni. Gáàsì wa ti tán láti ọjọ́ Ajé." Olóyè wúkọ́, ó sọ fún Ìyá Àlàbá pé, "Ó dáa, bu ti ìrọ̀lẹ́ dání." Fadérera dé àgbá, ó jókòó lé ìdérí. "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: ṣé èèpo ni àbí èédú?" Olóyè wo Ìyá Àlàbá, ó wo ìkòkò òfìfo tó gbé dání. "Èédú ni," ló wí. "Dìde, kó rí i bù."